Òróró Tí Ń Gbẹ àti Ọ̀pọ̀ Ọwọ́ Lórí Pákó Kan: Bí Wọ́n Ṣe Ń Ya Àwòrán Pẹpẹ Nígbà Renaissance

Òǹkàwé kan tí ó ń ya àwòrán fún àwọn ilé ìjọsìn ní Ìbàdàn kọ̀wé sí mi báyìí: “Mo kà á pé òróró irúgbìn ni àwọn ayàwòrán Ítálì ayé àtijọ́ fi ń po ọ̀dà. Mo fi òróró ẹ̀pà po tèmi, mo sì fi ya Màríà àti Ọmọ rẹ̀ sára pákó. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé, kò gbẹ. Èkejì, olùkọ́ mi ní àwọn ọmọṣẹ́ ni wọ́n ya èyí tí ó pọ̀ jù lára àwọn àwòrán tí a ń pe orúkọ ọ̀gá mọ́. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni ọ̀gá ń ṣe? Ṣé kì í ṣe irọ́ ni orúkọ tí ó wà lára àwòrán?”

Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé. Ìbéèrè méjì ni ẹ fi ránṣẹ́, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ìdí kan náà ni a óò tú kí a tó lè dáhùn méjèèjì. Ohun tí kò jẹ́ kí pákó yín gbẹ náà ni ó jẹ́ kí ọwọ́ ènìyàn márùn-ún tàbí mẹ́fà lè pàdé lórí àwòrán kan láìsí pé ẹnikẹ́ni nínú wọn purọ́. Renaissance ni à ń pe sáà àwọn ayàwòrán wọ̀nyí, ìyẹn ìgbà tí iṣẹ́ ọnà tún sọ jí ní Yúróòpù láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìnlá sí ìkẹrìndínlógún. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí òróró.

Kì í ṣe gbogbo òróró ni ó ń gbẹ. Omi máa ń gbẹ nítorí pé afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ, ṣùgbọ́n òróró kì í bá afẹ́fẹ́ lọ. Èyí tí ó bá máa gbẹ nínú wọn, ńṣe ni ó ń fa ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, tí ọ́síjìn yẹn sì ń so àwọn èròjà inú rẹ̀ pọ̀ mọ́ ara wọn títí yóò fi di awọ líle. Bí ẹ bá gbé irú òróró bẹ́ẹ̀ lé orí òṣùwọ̀n nígbà tí ó ń gbẹ lọ́wọ́, ẹ óò rí i pé ó ń wúwo sí i ni. Òróró ọ̀gbọ̀ jẹ́ ti ìran yìí, ìyẹn òróró tí wọ́n ń fún láti inú irúgbìn ewéko tí wọ́n ń fi okùn rẹ̀ hun aṣọ ọ̀gbọ̀. Poroporo rẹ̀ ni Ráhábù fi bo àwọn amí mọ́lẹ̀ lórí òrùlé ní Jẹ́ríkò. Òróró walnut ti Yúróòpù náà jẹ́ ti ìran yìí, àwọn ará Ítálì sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an nítorí pé kì í tètè pọ́n bí ti ọ̀gbọ̀. Òróró ẹ̀pà, epo pupa, àdín àti òróró àgbọn kò sí lára wọn. Bí ẹ bá fi pákó yín sílẹ̀ di ọdún tí ń bọ̀, eruku ni yóò kàn máa kó. Nǹkan kan wà tí ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín nínú ọ̀rọ̀ yìí: àsálà wa, tí àwọn Òyìnbó tún ń pè ní walnut bó tilẹ̀ jẹ́ pé igi tiwọn àti tiwa kò bára tan, ní òróró tí ń gbẹ bí ti ọ̀gbọ̀. A ń sè é, a ń jẹ ẹ́, a sì ń lọ ra ti ọ̀gbọ̀ láti òkè òkun.

Ẹ óò gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn pé Jan van Eyck, ará Flanders tí ó wà ní Bẹ́ljíọ̀mù òde òní, ni ó dá àwòrán olóròóró sílẹ̀. Vasari, tí ó tẹ ìtàn ìgbésí ayé àwọn oníṣẹ́ ọnà Ítálì jáde ní 1550, ni ó fọ́n ọ̀rọ̀ náà káàkiri, kò sì rí bẹ́ẹ̀. Mọ́ńkì kan tí ń jẹ́ Theophilus ti ṣàkọsílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń fi òróró ọ̀gbọ̀ lọ àwọ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìlá, a sì ti rí ọ̀dà olóròóró lára ògiri àwọn ihò àpáta Bamiyan ní Afghanistan, tí ọjọ́ orí rẹ̀ tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún keje. Ohun tí ó jẹ́ ti van Eyck ni bí ó ṣe ń to ìpele fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé ara wọn títí tí okùn irun, ìlẹ̀kẹ̀ àti omi fi ń dàbí ohun tí ènìyàn lè fọwọ́ kàn. Àwòrán pẹpẹ ńlá, ìyẹn àwòrán tí wọ́n ń gbé kalẹ̀ sí ibi pẹpẹ ṣọ́ọ̀ṣì, tí ó wà ní kàtídírà Saint Bavo ní ìlú Ghent ni ẹ̀rí tí ó tóbi jù lọ. Ẹ sì wo ohun tí wọ́n kọ sí férémù rẹ̀: pé Hubert van Eyck ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, pé Jan, tí ó jẹ́ igbákejì rẹ̀ nínú iṣẹ́ ọnà, ni ó parí rẹ̀, àti pé Joos Vijd ni ó sanwó rẹ̀, wọ́n sì gbé e kalẹ̀ ní 6 Oṣù Karùn-ún 1432. Hubert ti kú láti 1426. Iṣẹ́ tí gbogbo ayé ń pè ní orísun àwòrán olóròóró fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ọwọ́ méjì ni ó ya òun, kò sì tì í lójú.

Báwo ni wọ́n ṣe ń to ìpele wọ̀nyí? Káfíńtà ni yóò kọ́kọ́ ṣe pákó, igi óákù ní àríwá, igi poplar ní Ítálì. Wọn yóò se awọ ẹran títí yóò fi di gúlúù, wọn yóò po gúlúù náà mọ́ ìran ẹfun ní àríwá, tàbí mọ́ jípsọ́ọ̀mù ní Ítálì, wọn yóò kùn ún sára pákó léraléra, wọn yóò sì fá a títí yóò fi dán bí eyín erin. Orí ojú funfun yìí ni wọ́n ti ń fa ìlà àwòrán. Bí ọ̀gá bá ti ya ìlà náà sórí bébà tẹ́lẹ̀, ọmọṣẹ́ yóò fi abẹ́rẹ́ lu ihò tẹ̀ lé gbogbo ìlà, yóò tẹ́ bébà náà sórí pákó, yóò sì fi àpò aṣọ tí ẹ̀ẹ́dú lúbúlúbú wà nínú rẹ̀ gbá a, kí tótòtó dúdú lè hàn sí abẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò fi àwọ̀ ilẹ̀ àti dúdú fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ pín ibi òkùnkùn àti ibi ìmọ́lẹ̀, kí wọ́n tó gbé àwọ̀ gidi lé e. Ìpele tí ó kẹ́yìn ni wọ́n ń fi òróró púpọ̀ àti àwọ̀ díẹ̀ ṣe, tí ó fẹ́lẹ́ bí gíláàsì aláwọ̀. Ìmọ́lẹ̀ yóò gba inú gbogbo ìpele wọ̀nyí kọjá, yóò kan funfun ìsàlẹ̀, yóò sì padà jáde sí ojú wa. Ìdí nìyẹn tí aṣọ pupa inú àwọn àwòrán wọ̀nyí fi dàbí ẹni pé iná ń jó nínú rẹ̀; kò sí àwọ̀ inú agolo kan tí yóò fún yín ní irú rẹ̀ ní ìkùn ẹ̀ẹ̀kan.

Bí ẹ bá fẹ́ rí inú iṣẹ́ náà kí aṣọ tó bò ó, ẹ wá fọ́tò àwòrán Àwọn Amòye tí Leonardo da Vinci bẹ̀rẹ̀ ní 1481 fún àwọn mọ́ńkì San Donato a Scopeto lẹ́yìn odi Florence, tí ó sì fi sílẹ̀ nígbà tí ó lọ sí Milan. Ó wà ní mùsíọ́ọ̀mù Uffizi ní Florence báyìí. Ìlà àti òjìji aláwọ̀ ilẹ̀ ni ó kún inú rẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí àwọ̀ kankan. Ẹ lè fi ojú ara yín tọ ipa ọwọ́ rẹ̀.

Wàyí o, ìpele kan kò ní gba òmíràn bí kò bá tíì gbẹ tó. Ọ̀dà tí wọ́n fi ẹyin pò, èyí tí àwọn ará Ítálì ń lò tẹ́lẹ̀, kì í ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ tí ó fi ń gbẹ, nítorí náà ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ aṣọ kan gbọ́dọ̀ jókòó tì í. Olóròóró ń gba ọjọ́ púpọ̀, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní ìwà tirẹ̀. Funfun òjé ń mú kí òróró yára gbẹ. Dúdú èéfín àtùpà ń fà á sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ náà ni pupa tí wọ́n rẹ láti ara kòkòrò tàbí igi; àwọn tí ń fi ẹ̀rọ yẹ àwòrán wò ti bá gíláàsì lílọ̀ nínú pupa àwọn iṣẹ́ kan, títí kan ti Raphael, ayàwòrán Ítálì, wọ́n sì gbà pé torí kí ó lè tètè gbẹ ni. Ìlànà kan tún wà tí kò ṣeé fò: ìpele òkè gbọ́dọ̀ ní òróró ju ti ìsàlẹ̀ lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òkè yóò gbẹ ṣáájú ìsàlẹ̀, yóò sì sán. Ẹ rò ó wò: ọ̀gá tí ó ní pákó kan ṣoṣo nílẹ̀ yóò máa jókòó wo òróró, ṣùgbọ́n ọ̀gá tí ó ní pákó mẹ́fà àti ọmọṣẹ́ mẹ́rin yóò máa ti orí ọ̀kan bọ́ sí orí èkejì. Bí èyí ti ń gbẹ, ẹnìkan ń fá èyí tí wọ́n kùn ní funfun, ẹnìkan ń lọ àwọ̀, ẹnìkan ń ya òkè àti igi ẹ̀yìn àwòrán. Òróró fúnra rẹ̀ ni ó pín iṣẹ́ náà.

Lílọ àwọ̀ nìkan tó iṣẹ́ òòjọ́ ènìyàn kan. Cennino Cennini, ayàwòrán tí ó kọ ìwé nípa iṣẹ́ rẹ̀ ní nǹkan bí 1400, sọ nípa àwọ̀ pupa kan pé bí ènìyàn bá lọ̀ ọ́ lójoojúmọ́ fún ogún ọdún, dídára ni yóò máa dára sí i. Ọdún méjìlá ni òun náà lò lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, Agnolo Gaddi. Ó sì ní kí ọmọṣẹ́ lo ọdún kan nídìí ìlà yíyà, mẹ́fà nídìí lílọ àwọ̀, síse gúlúù àti kíkùn pákó, mẹ́fà mìíràn nídìí ọ̀dà gan-an. Ní ti funfun òjé, wọ́n á to òjé pẹlẹbẹ sókè ọtí kíkan nínú ìkòkò, wọ́n á fi ìgbẹ́ ẹran bò ó kí ó lè móoru, títí ara òjé yóò fi hu funfun tí wọn yóò há kúrò. Oró ni. Ẹ má ṣe dán an wò; funfun titanium tí ó wà lọ́jà lónìí yóò ṣe iṣẹ́ tí ẹ fẹ́.

Kì í sì í ṣe gbogbo ọmọṣẹ́ ni ó ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́. Nígbà tí bàbá Michelangelo mú un lọ sọ́dọ̀ Domenico Ghirlandaio ní Florence ní 1488, ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni, àdéhùn ọdún mẹ́ta ni wọ́n sì kọ, pé ọ̀gá ni yóò san florin 24, ìyẹn owó wúrà ìlú Florence, fún un láàárín ọdún wọ̀nyẹn. Ẹni tí ó bá ti gbé ọ̀dọ̀ agbẹ́gilére rí nílẹ̀ Èkìtì kò ní ṣàjèjì sí irú ilé iṣẹ́ báyìí. Ọnà lílé, àlétúnlé, dídán àti fínfín ni àwọn àgbà agbẹ́gilére pín iṣẹ́ ère sí. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ọ̀gá ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, kò sì sí ẹni tí yóò tìtorí bẹ́ẹ̀ pe ère náà ní ti ọmọṣẹ́.

Àwòrán kan wà ní Uffizi tí mo máa ń fi han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò gbà mí gbọ́: Ìrìbọmi Kristi, láti ilé iṣẹ́ Andrea del Verrocchio, níbi tí Leonardo ti kọ́ṣẹ́. Ẹyin ni wọ́n fi po ọ̀dà apá kan rẹ̀, òróró ni wọ́n fi po apá kejì, lórí pákó kan náà. Áńgẹ́lì tí ó wà ní ìkángun òsì, tí ó kọ ẹ̀yìn díẹ̀ sí wa, ọwọ́ Leonardo ni. Ara rẹ̀ rọ̀, irun rẹ̀ ń dán, nígbà tí ara Jòhánù Onítẹ̀bọmi le koránkorán bí ère. Vasari ní nígbà tí Verrocchio rí áńgẹ́lì náà, ó ní òun kò tún ní fọwọ́ kan ọ̀dà mọ́. Èmi kò gba ìtàn yẹn gbọ́. Ọ̀gá tí ó gbé ibi pàtàkì bẹ́ẹ̀ lé ọmọṣẹ́ lọ́wọ́ mọ ohun tí òun ń ṣe.

Ǹjẹ́ àwọn tí ń sanwó mọ̀? Wọ́n mọ̀ dáadáa, ìwé àdéhùn wọn ni ẹ̀rí. Ní 1445, ẹgbẹ́ ọmọ ìjọ kan tí ń jẹ́ Misericordia ní ìlú Sansepolcro ní Ítálì kọ ọ́ sínú ìwé pé ayàwòrán mìíràn kò gbọdọ̀ fi búrọ́ọ̀ṣì kan pákó pẹpẹ wọn àyàfi Piero della Francesca fúnra rẹ̀, owó rẹ̀ sì jẹ́ florin 150. Síbẹ̀, àwọn àwòrán kéékèèké tí ó wà ní ẹsẹ̀ pẹpẹ náà, iṣẹ́ ẹlòmíràn ni. Ní 1485, ilé àwọn ọmọ tí kò ní alágbàtọ́ ní Florence, ìyẹn Innocenti, fún Ghirlandaio ní àwòrán Àwọn Amòye ní florin 115: ọwọ́ ara rẹ̀ ni kí ó fi kùn ún, kí búlúù rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí owó rẹ̀ tó florin mẹ́rin fún òṣùwọ̀n áńsì kan. Ẹyin ni wọ́n fi po ọ̀dà ti Ghirlandaio, ṣùgbọ́n ìlànà ìwé náà kò yàtọ̀, nítorí pé Bartolomeo di Giovanni ni ó ya àwọn kéékèèké tí ó wà nísàlẹ̀ tirẹ̀ náà. Ayàwòrán Luca Signorelli ní ìlú Orvieto, ní 1499, ni ìwé tirẹ̀ là á mọ́lẹ̀ jù lọ: ara ògiri ni iṣẹ́ rẹ̀ wà, wọ́n sì ní ojú àwọn ènìyàn inú rẹ̀ àti ìdajì ara wọn lókè gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ọwọ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ àti ìṣẹ́po aṣọ, ẹni tí ó bá wù ú lè ṣe é. Òǹrajà tí ó kọ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ kò sí nínú òkùnkùn rárá.

Búlúù tí wọ́n ń tẹnu mọ́ yẹn, inú òkúta lapis lazuli ni ó ti ń wá, tí wọ́n ń wà ní Badakhshan ní Afghanistan, tí ó sì ń gba Venice wọ Yúróòpù. Nítorí bí ó ṣe wọ́n tó, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ni ó máa ń fi búlúù azurite tí owó rẹ̀ kéré tẹ́ ìsàlẹ̀ aṣọ Màríà, kí wọ́n tó wá fi èyí tí ó wọ́n bo òkè rẹ̀. Ọmọṣẹ́ lè tẹ́ ìsàlẹ̀. Ọ̀gá ni yóò dúró ti òkè.

Ṣùgbọ́n ibi tí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ti pàdé, tí ó sì ti di ìjà, ni Milan. Ẹgbẹ́ ọmọ ìjọ kan tí ń bọlá fún Ìlóyún Aláìlábàwọ́n ti Màríà ní ṣọ́ọ̀ṣì San Francesco Grande ti kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ fún agbẹ́gilére Giacomo del Maino láti gbẹ́ férémù pẹpẹ ńlá kan. Ní 25 Oṣù Kẹrin 1483, wọ́n bá àwọn mẹ́ta kọ àdéhùn láti kùn ún, láti lẹ wúrà sí i, àti láti ya àwọn pákó inú rẹ̀: Leonardo, pẹ̀lú Ambrogio àti Evangelista de Predis, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tí wọ́n jẹ́ ará Milan. Ìwé náà sọ ọ́ gbangba pé òróró ni kí wọ́n fi ya Màríà tí ó wà láàárín, èyí tí a ń pè ní Virgin of the Rocks (Màríà Inú Àpáta) lónìí, kí ó sì pé pérépéré. Lire 800 ni gbogbo owó rẹ̀, férémù, wúrà àti ọ̀dà pọ̀. Nígbà tí ó yá, àwọn ayàwòrán ní iṣẹ́ náà ti gba gbogbo owó náà tán, pé Màríà nìkan tó ducat 100 (owó wúrà ni ducat) ní àlékún. Ẹgbẹ́ ní 25 ni àwọn lè san. Evangelista kú kí ọ̀rọ̀ yìí tó parí. Àlàyé tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ fara mọ́ ni pé àwòrán àkọ́kọ́ bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, òun ni ó wà ní mùsíọ́ọ̀mù Louvre ní Paris lónìí, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ èkejì láti fi dípò rẹ̀. Ní 1506, àwọn onílàjà wo èkejì náà, wọ́n ní kò tíì parí, wọ́n sì pàṣẹ pé kí Leonardo padà wá parí rẹ̀ láàárín ọdún méjì kí wọ́n tó san lire 200 sí i. Ọdún 1508 ni owó tí ó kẹ́yìn wọlé, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí wọ́n kọ àdéhùn.

Àwòrán kejì yìí wà ní mùsíọ́ọ̀mù National Gallery ní London, tí wọ́n rà á ní 1880; àwọn òǹkàwé wa tí ń gbé ibẹ̀ lè wọlé lọ wò ó láìsan kọ́bọ̀. Ní 2005, wọ́n fi ìmọ́lẹ̀ infrared, èyí tí ojú lásán kò lè rí, yẹ ẹ́ wò, wọ́n sì rí ìlà Màríà mìíràn lábẹ́ rẹ̀ tí ó kúnlẹ̀ ní ọ̀nà tí ó yàtọ̀ pátápátá, tí Leonardo ti yà tí ó sì tún bò mọ́lẹ̀. Àwọn áńgẹ́lì olórin tí wọ́n wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ọwọ́ Leonardo, ẹ ò sì nílò ẹ̀rọ kankan láti mọ̀ ọ́n. Ẹ wá wo ọwọ́ òsì áńgẹ́lì ńlá tí ó gbé lé ẹ̀yìn Jésù ọmọdé. Kò parí. Ìlà àti àwọ̀ ìsàlẹ̀ nìkan ni ó wà níbẹ̀. Ibi tí gbogbo ọ̀rọ̀ onílàjà, ducat àti ọmọṣẹ́ ti tán, ọwọ́ kan ṣì ń dúró de ọ̀gá tí kò padà dé orí rẹ̀.

Ní ti orúkọ, ẹ jẹ́ kí a má fi ojú òde òní wò ó. Giovanni Bellini ní Venice ní ọ̀pọ̀ ọmọṣẹ́, orúkọ rẹ̀, IOANNES BELLINVS, sì máa ń wà lórí àwòrán bébà kékeré tí wọ́n yà sí ìsàlẹ̀ àwòrán Màríà, títí kan àwọn mìíràn tí ọmọṣẹ́ yà ju bí òun ti yà wọ́n lọ. Ohun tí orúkọ náà ń sọ ni pé láti ilé iṣẹ́ mi ni èyí ti jáde, ìlà mi ni wọ́n tẹ̀ lé, èmi ni mo yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó jáde, èmi náà sì ni ẹ óò mú bí ó bá sán tàbí bí búlúù rẹ̀ bá jẹ́ ayédèrú. Olùkọ́ yín kò purọ́, ṣùgbọ́n orúkọ náà kò purọ́ pẹ̀lú. Ìwé pélébé inú mùsíọ́ọ̀mù tí ó ń ya “ọ̀gá” sọ́tọ̀ kúrò lára “ilé iṣẹ́ rẹ̀” ń dáhùn ìbéèrè tiwa ni, kì í ṣe ti àwọn tí ó sanwó.

Ó ku pákó yín. Ẹ má ṣe gbé ọ̀dà tuntun lé e, nítorí igi náà ti mu òróró ẹ̀pà, kò sì ní jẹ́ kí ohunkóhun tí ẹ bá kùn lé e dì mọ́ ọn. Ẹ wá pákó mìíràn. Kí ẹ tó po àwọ̀ kankan, ẹ fi ìka tẹ́ òróró tí ẹ fẹ́ lò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sára gíláàsì, kí ẹ gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ wà, kí ẹ sì padà fọwọ́ kàn án lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ lo ti ọ̀gbọ̀ àti ti àsálà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Inú mi yóò dùn bí ẹ bá lè kọ̀wé padà láti sọ èyí tí ó kọ́kọ́ gbẹ.